Ìbọn Àkọ́rà Rennie Mabry

"Wò mí lójú, Coy. Ṣé ìwọ lo yọ ọta kúrò lọ́fun ìbọn yìí, àbí ìwọ kọ́?"

Coy Tuttle, ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ibi tí òkú wà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Dónọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó ti lé lógójì ọdún, ó sanra, ó sì ń tijú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Ọ̀gá Nola, mo ti sọ fún ṣẹ́rífù pé èmi ni."

"Èmi ò bi ọ́ ní ohun tí o sọ fún ṣẹ́rífù."

Coy gbé dónọ́ọ̀tì sílẹ̀. "Èmi kọ́. Nígbà tí mo ṣí i wò, òfìfo ni mo bá. Ṣẹ́rífù wá ní, 'Coy, o ti tú u, àbí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ohun tó yẹ kí ọlọ́pàá gidi ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n níbí. Wọ́n á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí."

"Torí kí wọ́n má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lo ṣe fẹ́ sin òtítọ́ mọ́ òkú. O ṣeun o."

Nola Teague, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹtì náà, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ní, fa ìbọn tó wà nínú ọ̀rá súnmọ́ ara rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni, irú tí wọ́n ń pè ní Vesta, oníke dúdú, tuntun tí kò tíì ní àpá kankan lára. Rennie Mabry ló rà á, ìbọn àkọ́rà rẹ̀, kí wọ́n tó bá òun àti ìbọn nílẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀, ọta lábẹ́ àyà. Dókítà tó yẹ òkú wò ní ibi tí ìbọn ti dún kò jìnnà sí aṣọ rẹ̀. Ṣẹ́rífù, olórí àwọn ọlọ́pàá kọ̀ǹtì, ní Rennie gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ó kù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú lọ jẹun ọ̀sán.

Àmọ́ ẹni tó bá ti yin irú ìbọn yìí rí mọ ìṣe rẹ̀. Bí ọta kan ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni òmíràn ń gun ọ̀fun lọ fúnra rẹ̀. Ìbọn tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, tí ọta ṣì wà nínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ kì í ṣófo, àfi bí ẹnìkan bá tú u. Nola sì ti yin ìbọn náà wò fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kò há lẹ́ẹ̀kan.

"Jẹ́ kí n bá ọ rò ó," ni Nola wí. "Rennie yìnbọn lu ara rẹ̀, ó kú. Ó wá dìde, ó yọ àpótí ọta, ó fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn, ó he ọta tó bọ́ sílẹ̀, ó dá a padà sínú àpótí, ó ti àpótí bọ̀ ọ́. Ó wá tún dùbúlẹ̀, ó kú lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òkú kì í tú ìbọn."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún sọ rárá. Ní àárọ̀ yẹn kan náà, Wilma Mabry, ìyá Rennie, ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó wọ bàtà méjì tí kò bára mu, kò sì mọ̀.

"Nola, ọjọ́ Ẹtì ni adájọ́ máa dájọ́ lórí Birdie, ọmọ Rennie. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ọmọ mi gbẹ̀mí ara rẹ̀, Royce, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti pínyà, á gbé ọmọ yẹn lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́yà rẹ̀ á ní ilé wa ni ìyá rẹ̀ ti ya wèrè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Mo ti sin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí n tún pàdánù ọmọ-ọmọ. Royce ló pa á. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, màá tún un sọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wádìí ẹ̀ ná."

"Wádìí ẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí àwọn ọkùnrin yẹn pa á dé."

Nola kì í fẹ́ kí èèyàn bẹ òun. Ó máa ń mú kí ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù.

*

Ní Sallow Creek, ìlú wọn, ọkùnrin lè fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó lè kúrò ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kó di ará Mẹ́tọ́díìsì, wọn ò ní bá a jà jù. Àmọ́ orúkọ tó wà lára ìbọn bàbá rẹ̀, kó má dán an wò kó fi sílẹ̀. Corliss àti Vesta ni orúkọ méjèèjì: àwọn ará Corliss wà, àwọn ará Vesta wà. Àwọn ará Corliss ní irin ni ìbọn, pé oníke kò yàtọ̀ sí ohun ìṣeré ọmọdé, pàápàá èyí tí kò ní ìdènà, irin kékeré tí àtàǹpàkò ń tì sókè kí ìbọn má lè dún. Àwọn ará Vesta ní Corliss wúwo bí ọlọ, àwọn bàbá arúgbó nìkan ló kù tí wọ́n ń gbé e kiri. Wọ́n á jókòó sẹ́nu káńtà Merle Dockery láti àárọ̀, wọ́n á máa bára wọn jiyàn lórí ohun tí a fi ń pààyàn bí ẹni ń jiyàn lórí irúgbìn tòmátì. Ọlọ́run ló ń mú sùúrù fún wọn.

Merle tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn náà lé gbogbo wọn síta nígbà tí Nola wọlé.

"Rennie àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá," ni Merle wí. "Hollis ti yan Corliss fún un kó tó dé káńtà. Rennie gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ò ká a. Mo ní kó gbé èyí wò, kó gbé tọ̀hún wò. Bó ṣe gbé Vesta, ó rẹ́rìn-ín. Nola, mo ti ń tà á pẹ́, mo mọ ẹ̀rín yẹn. Bí ìbọn bá ti bá ọwọ́ èèyàn mu, kò mọ ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Háà! Ó ní, 'Ìbọn tí kò ní ìdènà! Ìwọ, ọmọ Hollis Mabry! Kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìbọn, kí ọmọ tèmi máa gbé ike kiri!' Rennie ní, 'Pápá, ọwọ́ mi ló máa gbé e, kì í ṣe ọwọ́ yín.' Hollis yí ẹ̀yìn padà sí i. Ó jáde, ó wa ọkọ̀ lọ. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbí! Èmi ni mo gbé e délé."

"Kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe?"

Merle ṣíjú kúrò. "Ó ní Royce ń wá kanlẹ̀kùn nígbà tó bá ti mutí. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Royce wá síbí lọ́jọ́ kejì, ó ń béèrè irú ìbọn tí ìyàwó òun rà."

Nola fọwọ́ lé káńtà. "Ó béèrè?"

"Ó béèrè. Mo ní kó lọ bi ìyàwó rẹ̀."

"Rennie mọ̀ ọ́n lò?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó ní òun ò ní fi ọta sí ọ̀fun rẹ̀ láéláé, torí Birdie. Mo ní kò burú, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀." Merle fa dúrọ́ọ̀ kan, páálí pílásítà méjì ló wà níbẹ̀ láàárín ọta. "Ohun tó ń mú mi rẹ́rìn-ín lórí Vesta nìyí. Gbogbo ará Corliss tó bá kọ́kọ́ yìn ín níbi ìdánwò ẹ̀yìnkùlé mi, àtàǹpàkò wọn máa ń wá ìdènà tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n á gbé e lé ẹ̀gbẹ́ irin òkè. Ìbọn á dún, irin á sáré sẹ́yìn, á bó wọn lára. Wọ́n á wá máa bú ìbọn. Èmi á máa fún wọn ní pílásítà."

Nola kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sílẹ̀.

*

Royce Kemper wà ní àgbàlá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ, ó jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, ó ń jẹun ọ̀sán. Ó rí Nola, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé," ni ó wí. "Gbogbo ìlú ti dá mi lẹ́jọ́ tán."

"Kí ló dé tí o lọ bi Merle irú ìbọn tí ìyàwó rẹ rà?"

"Torí ọmọ mi wà nínú ilé yẹn! Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè fà ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Wọ́n ní o máa ń mutí lọ kanlẹ̀kùn."

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sunkún lẹ́nu ọ̀nà bí ẹran, mo lọ sílé. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ibí ni mo wà, adìẹ ló ń kọjá níwájú mi. Ẹ bi wọ́n."

Nola ti bi wọ́n. Àwọn mẹ́ta sọ pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rẹ́ sì lè búra fún ọ̀rẹ́. Nola fẹ́ ẹ̀rí tí kò ní ọ̀rẹ́.

"Gbé ìbọn rẹ wá kí n wò ó."

Royce na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó ń ta bébà oúnjẹ sọ́tùn-ún sósì. Ó fa ìbọn jáde, ẹnu rẹ̀ kọjú sí orúnkún Nola. Nola yẹra fún un, ó gbà á, ó fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn. Ọta fò jáde kúrò lọ́fun rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ọta wà lọ́fun rẹ̀."

"Ó máa ń wà níbẹ̀. Kí ni ìwúlò ìbọn tó ṣófo?"

"Ìgbà wo lo tú u kẹ́yìn?"

Royce wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń fọ eyín adìẹ. "Kí n tú u fún kí ni?"

Nola dá ìbọn padà fún un. Inú rẹ̀ bàjẹ́, torí ọ̀nà tó rọrùn ti dí níwájú rẹ̀. Ẹni tó tú ìbọn Rennie kò ronú kó tó tú u. Ká ní ó ronú ni, ì bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ máa ń rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló tú u, bí ọwọ́ ṣe ń pa iná yàrá nígbà tí a bá ń jáde. Ẹni tí kò tú ìbọn rí nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò lè tú u nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Royce kọ́.

"Ẹ dúró," ni Royce wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èmi àti Rennie sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, lórí eyín Birdie tó ń mì. Ó ní bàbá òun wá lọ́jọ́ Àìkú, ó bú òun, ó ní ìbọn tí ọ̀fun rẹ̀ ṣófo, òkúta sàn jù ú lọ. Ó ní òun ti ń fi ọta sí i báyìí, kí bàbá lè jẹ́ kí òun sinmi. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Royce, bàbá mi ló ń kọ́ gbogbo ayé, o rò pé o mọ̀ ọ́n jù ú lọ?'"

Nola padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò ṣíná sí i. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tó yin ìbọn náà wò tán, ọwọ́ yẹn ti yọ àpótí ọta, ó ti fa irin, ó ti yẹ ọ̀fun wò, ó ti gbé e kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò rán an níṣẹ́. Ta ló kọ́ ọ? Hollis Mabry ni. Hollis ló kọ́ gbogbo ọmọ Sallow Creek ní ìbọn, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó lè lọ dẹ ìgalà. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ lórin: ìbọn tí a bá fẹ́ gbé sílẹ̀, ká kọ́kọ́ tú u. Royce nìkan ni kò kọ́ ọ, torí ìlú Memphis ni wọ́n ti bí i.

Ó ṣíná ọkọ̀. Ó wù ú kó lọ sílé.

*

Ilé àwọn Mabry kún fún oúnjẹ bí ilé ọ̀fọ̀ ṣe máa ń kún níbẹ̀: ẹ̀wà aládùn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀dùnkún tí wọ́n yan pẹ̀lú wàràkàṣì, páì lórí fìríìjì. Wilma ń da tíì oníyìnyín. Birdie wà níta, ó ń fi okùn fò. Lẹ́yìn ilé náà ni ilé kékeré Rennie wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ọ̀sán ni ìbọn ti dún níbẹ̀, nígbà tí Wilma wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Birdie wà nílé ìwé. Kò sí aládùúgbò tó yọjú. Ìró ìbọn ní Sallow Creek kò ju gbígbó ajá lọ.

"O ti rí nǹkan, àbí?" ni Wilma wí. "Mo rí i lójú rẹ. Royce ṣe é, àbí kò ṣe é?"

"Màmá, Tíṣà ńkọ́?" Bí gbogbo ọmọ tí Hollis kọ́ ṣe ń pè é nìyẹn.

"Ó wà ní ilé irinṣẹ́ rẹ̀. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lọ kí i, ó fẹ́ràn rẹ."

Hollis Mabry jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi òróró nu Corliss kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá gíga ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì tẹ̀. Pílásítà wà níbi oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún.

"Nola. Jókòó."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Tíṣà. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Wáyà ọgbà màlúù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Nola mú Vesta kan jáde, ti ọ́fíìsì ni, kì í ṣe ti Rennie. Ó tú u níwájú rẹ̀, ó fi ọ̀fun rẹ̀ hàn án. "Ọwọ́ mi ò mọ ìbọn yìí. Ẹ bá mi dì í mú, kí n rí bí ó ṣe yẹ kó rí."

"Èmi kì í fọwọ́ kan ike."

"Ẹ ṣe é torí mi."

Ó gbà á. Ó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Ó nà án sí ògiri, ìdúró rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn Nola fi padà sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àtàǹpàkò rẹ̀ gùn lọ sókè, ó gbé ara lé ẹ̀gbẹ́ irin òkè, níbi tí ìdènà Corliss máa ń wà.

"Tíṣà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dún báyìí, tí irin yìí bá sáré sẹ́yìn, ibo ló máa bó lára yín?"

Hollis wo pílásítà tó wà lára àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ọwọ́ bàbá náà yọ àpótí ọta. Ó fa irin sẹ́yìn, ó yẹ ọ̀fun wò, ó jẹ́ kí irin padà, ó dá àpótí padà sáyè rẹ̀, ó gbé ìbọn lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ ohun tó ṣe. Ó wá ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Bí a ṣe bá a nìyẹn, lẹ́bàá rẹ̀," ni Nola wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú sì ń bí i sí omi náà. "Ọ̀fun rẹ̀ ṣófo. Ẹnu rẹ̀ sí ògiri. Ẹni tó kọ́ mi nìkan ló lè ṣe é báyìí lórí òkú ọmọ."

Hollis ti Vesta náà jìnnà sí ara rẹ̀.

"Mo fẹ́ fi hàn án ni. Ìbọn náà wà nínú àpò ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, mo mú un. Mo ní, 'Wò ó, kò sí ohun tí àtàǹpàkò mi lè tì.' Ó ní kí n dá a padà, ó dì í mú. À ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́. Mo ní, 'Ṣé o rí i? Bí ọmọdé bá fi ìka kàn án báyìí...' Mo fi ìka fà á, ó dún."

"Ẹ ò yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò."

"Ó ti sọ fún mi pé òun kì í fi ọta sí i! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi!"

"Ẹ sì bú u lọ́jọ́ Àìkú pé kó máa fi í sí i."

Ó hàn gbangba pé bàbá náà kò tíì rò ó débẹ̀ rí. Ó ti rò pé ọmọ náà purọ́ fún òun ni. Ìyẹn ló ti ń fi gbé ara rẹ̀ ró láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó sọ fún Royce láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ni Nola wí. "Ó ní kí ẹ lè jẹ́ kí òun sinmi."

"Ọkọ tí mo ní kó má fẹ́, ó fẹ́ ẹ," ni Hollis wí. "Ìbọn tí mo ní kó má rà, ó rà á. Kò gbọ́ tèmi rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè wá, Tíṣà? Àṣìṣe ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn."

"Àṣìṣe!" Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n bú. "Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń sọ fún yín pé kò sí àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, àìgbọràn ló wà. Kí n wá jáde síwájú àwọn òbí tí mo kọ́ ọmọ wọn, kí n ní èmi Hollis Mabry fa ìbọn tí mi ò yẹ̀ wò?"

"Ẹ wá kúkú jẹ́ kí wọ́n ní òun ló pa ara rẹ̀. Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe Royce ní apànìyàn. Ẹ̀yin jókòó tì wọ́n, ìwé orin lọ́wọ́ yín."

Nǹkan kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Wilma dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì méjì. Kò jù wọ́n sílẹ̀. Ó gbé wọn kalẹ̀ lórí pẹpẹ irinṣẹ́, ọ̀kan, èkejì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Hollis," ni ó wí, "lálẹ́ ọjọ́ yẹn, o dì mí mú títí ilẹ̀ fi mọ́. O ní kí n má bẹ̀rù. O ní Ọlọ́run mọ ẹni tó ṣe é."

Ọkọ rẹ̀ mú aṣọ òróró, ó tún ń nu Corliss náà.

*

Coy ló wá gbé Hollis. Kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́; Hollis ló kọ́ òun náà. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti lọ, Wilma jókòó sórí àtẹ̀gùn, Nola dúró tì í, kò mọ ibi tó máa fi ara sí.

"Ó dáa pé ìwọ lo wádìí ẹ̀," ni Wilma wí. "Rárá, kò dáa. Mi ò mọ̀. Ká ní o jẹ́ kí n máa kórìíra Royce lọ ni, ǹ bá rí oorun sùn."

"Màmá, ọ̀rọ̀ Birdie. Ẹ ṣì lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Kí n ní kí ni? Pé ilé tí bàbá rẹ̀ àgbà ti yìnbọn pa ìyá rẹ̀ ló ti máa dàgbà? Pé èmi tí mo sùn ti ọkùnrin yẹn, tí mi ò gbọ́ òórùn irọ́ lára rẹ̀, èmi ni kí wọ́n fún lọ́mọ tọ́?" Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. "Ká ní ó sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, adájọ́ ì bá bá wa sunkún ni. Pe Royce kó wá gbé ọmọ rẹ̀. Kí ọjọ́ Ẹtì má bá mi lẹ́nu ilé ẹjọ́."

Ó wọlé lọ, ó kó aṣọ ọmọ náà sínú báàgì. Nola gbọ́ tó ń bá Birdie sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ohùn kan náà tí àgbà fi ń tan ọmọdé jẹ oògùn. Ó sọ fún un pé ìrìn-àjò ni. Ó sọ fún un pé eyín rẹ̀ máa bọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kó má gbé e mì.

Royce dé kí oòrùn tó wọ̀. Kò gun àtẹ̀gùn. Ó dúró sórí koríko, fìlà lọ́wọ́, ìbínú àti àánú ń bá ara wọn jà lójú rẹ̀. Birdie sáré bá a, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó ti ilẹ̀kùn, kó má baà gbọ́.

Wilma fún un ní báàgì. "Royce, mo purọ́ mọ́ ọ."

"Níwájú gbogbo ìjọ, Màmá."

"Màá dìde níwájú gbogbo ìjọ náà, màá sọ pé irọ́ ni mo pa."

"Ìyá mi gbọ́ ọ láti Memphis. Wọ́n pè é lórí fóònù láti sọ fún un." Ó ju báàgì sẹ́yìn ọkọ̀. "Ilé iṣẹ́ fẹ́ lé mi dànù. Wọ́n kọ apànìyàn sára ilẹ̀kùn mi."

"Mo mọ̀." Wilma di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Obìnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó dé, ẹ̀bẹ̀ ló wá kù tó ń bẹ̀. "Ṣé wàá jẹ́ kí n máa rí i? Òun ló kù mí kù. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Nola rò pé Royce máa ní rárá. Ì bá sàn.

"Ẹ rántí ohun tí ẹ ní kí adájọ́ fún mi nígbà tí èmi àti Rennie pínyà?" ni Royce wí. "Ọjọ́ Sátidé nìkan. Wákàtí méjì. Lójú ẹlẹ́rìí, kí n má baà ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹ̀yin lẹ bá lọ́yà mú un wá, Rennie ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ." Ó fi fìlà dé orí. "Ó dáa. Ẹ máa wá ní Sátidé, Màmá. Ẹ mú ẹlẹ́rìí dání."

Ó wọ ọkọ̀, ó wà á lọ. Birdie ń juwọ́ láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi yà sí títì ńlá.

Wilma dúró sójú kan náà. Nola ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, kò rí i. Ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lápò, ó rí ìyẹn. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí obìnrin náà yíjú sí i.

"Nola," ni ó wí, "kí lo fẹ́ ṣe ní Sátidé?"